Aṣọ Tó Ń Mí, Ilé Tí Wọ́n Dí Nímú

Bàbá Onísíléètì ń dáhùn ìbéèrè yín lórí òrùlé

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yọ nínú àpò lóṣù yìí. Mẹ́ta wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀kan wá láti Ìṣàlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ aṣọ abẹ́ síléètì ló kúnnú wọn, ìyẹn aṣọ tí a ń tẹ́ sábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé níbí, kí omi má bàa kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ̀ mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gun àkàbà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó débí, páànù ni mo ń kàn ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ra ilé kan ní Rochester. 1886 ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta iwájú rẹ̀. Àwọn síléètì kan ti ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ wọn. Tí mo bá gun òkè àjà lọ́sàn-án, mò ń rí ìmọ́lẹ̀ lóríṣiríṣi ibi. Kọ́lékọ́lé tó wá wò ó ní òun á tú gbogbo rẹ̀, òun á tẹ́ breathable membrane. Ó ní aṣọ náà ń mí fúnra rẹ̀, pé a ò nílò ihò atẹ́gùn kankan mọ́, kí a sì ti òwú àjà dé etí òrùlé pinpin kí òtútù má ráyè wọlé. Ẹlòmíì ní felt dúdú ayé àtijọ́ ló dára jù. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Rochester

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé. Ilé á tura o.

Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Àwọn tó kọ́ ilé yín ò gbàgbé nǹkan kan. Láyé ìgbà yẹn, igi òrùlé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́, síléètì lórí rẹ̀, ó parí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á gba àárín síléètì wọlé lápá kan, á gba apá kejì jáde. Òjò díẹ̀ tó bá fọ́n wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń gbé e lọ. Ní àwọn ilé kan, wọ́n á tún po ẹfun tí wọ́n jó láti ara òkúta mọ́ irun ẹran, wọ́n á fi rẹ́ ẹ̀yìn síléètì láti inú. "Torching" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí, kò sì sí iná kankan níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn síléètì yín: tí ẹ bá rí nǹkan funfun tó ń ṣí sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà, òun nìyẹn. Igi òrùlé yín ti lo ohun tó lé ní 130 ọdún lábẹ́ òrùlé tó ń rí atẹ́gùn yìí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Felt dúdú dé lẹ́yìn wọn, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló sì gbilẹ̀ nílé ará ìlú. Aṣọ àpò ni egungun rẹ̀, ọ̀dà ni ẹran ara rẹ̀. Kì í jẹ́ kí oru omi kọjá rárá. Ìdí nìyẹn tí ìlànà iṣẹ́ wa níbí fi sọ pé ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ ní etí òrùlé, níwájú àti lẹ́yìn, mílímítà 10, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé kò bá tó ìwọ̀n 15, kó jẹ́ mílímítà 25. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, felt dúdú ò pa ilé rẹ̀ lára. Kọ́lékọ́lé yín kejì kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Ó wá ku aṣọ tuntun. Ìpele mẹ́ta ni. Méjì tó wà lóde dà bí ìbòmú tí gbogbo wa fi bo imú nígbà Kòrónà, ohun kan náà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Èyí tó wà láàárín ló ń ṣiṣẹ́. Ihò ara rẹ̀ kéré débi pé ẹ̀kán omi ò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n oru omi ń gbà á. Àwọn tó ń tà á wá sọ ọ́ lórúkọ "èyí tó ń mí", orúkọ yìí ló sì ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà.

Nítorí oru ló ń gbà á kọjá. Omi kò gbà á kọjá. Ní òru ìgbà òtútù tí ojú ọ̀run bá mọ́ roro, síléètì máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, torí ojú ọ̀run ń fa ooru inú rẹ̀ lọ. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ náà á sì tutù. Oru á gbéra láti balùwẹ̀, láti ara aṣọ tí ẹ sá sórí híítà, láti inú ìkòkò ẹran tó ti ń hó láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ (ilé Yorùbá ni mo ń bá sọ̀rọ̀), á gba ojú ihò iná àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àjà gòkè. Bó bá kan aṣọ tútù yẹn kó tó ráyè kọjá, ó ti dìrì. Bó bá sì ti dìrì, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn nìyẹn.

Owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí, ní oṣù kejì ọdún 2004. Ìyá àgbà kan ará Jàmáíkà ló nilé, ní Brockley. Mo tú síléètì, mo tẹ́ aṣọ tuntun, mo fi òwú dí etí òrùlé yíká bí ẹni ń fi ewé dé ẹnu ìkòkò. Mo yangàn kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá pè mí lórí fóònù: òrùlé rẹ ń jò. Òjò ò sì rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gòkè àjà, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kán omi so rọ̀ lábẹ́ aṣọ náà ní ìlà-ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Orí gbogbo ìṣó ti ń pọ́n. Àpótí tí ìyá kó àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ sí ti rin gbingbin, ara rẹ̀ funfun bíi búrẹ́dì tó ti bu.

Orí eékún ni mo wà lókè àjà yẹn nígbà tí mo rántí yàrá tí a ń sùn sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Lẹ́nu ọyẹ́, ní ìdájí, páànù á máa kán tó, tó, tó sí wa lára lórí ẹní, bẹ́ẹ̀ oṣù kan ti kọjá tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá mi á ní, "Páànù ń làágùn ni, ẹ sún ẹní." Mo ti gbọ́ ọ kí n tó mọ A, B, D. Bébà ìpolówó kan ni mo kà tí mo fi gbàgbé. Mo padà wá fa òwú sẹ́yìn, mo la àyè atẹ́gùn sí etí òrùlé níwájú àti lẹ́yìn, mi ò gba kọ́bọ̀. Ìyá ṣe tíì fún mi, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi kọ́lékọ́lé yín léèrè irú aṣọ tó fẹ́ tẹ́, ẹ bi í léèrè ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọlé àti ibi tó máa gbà jáde. Bó bá ní "aṣọ náà ń mí", ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Oríṣi méjì ni àwọn aṣọ tó ń mí yìí: ọ̀kan ń jẹ́ kí oru nìkan kọjá, èkejì ń jẹ́ kí oru àti afẹ́fẹ́ kọjá. Òrùlé yín ti fi afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ láti ọdún 1886, èkejì yìí ló sún mọ́ ohun tí ara rẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè fún ìwé ẹ̀rí BBA (àjọ tó ń yẹ ohun èlò ilé kíkọ́ wò níbí) ti aṣọ náà, ẹ kà á fúnra yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "air permeable" (afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá) sí, kì í ṣe "vapour permeable" (oru ń gbà á kọjá) nìkan. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Sd. Mítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́: ó ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan ṣe máa nípọn tó kó tó lè dí oru lọ́nà bíi ti aṣọ náà. Kó má ju 0.05 lọ. Èyí tó dára máa ń wà ní 0.02 tàbí ní agbègbè rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé tèmi ni, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ ni màá tẹ́, màá sì ṣì fi mílímítà 10 sílẹ̀ ní etí òrùlé bíi pé felt dúdú ni mo lò, pẹ̀lú àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ògóńgó orí. Òwú kò gbọ́dọ̀ dí ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi àtẹ oníke sí àárín igi òrùlé ní etí, kí afẹ́fẹ́ máa gba orí òwú kọjá. Ibi tí aṣọ náà ti fẹ́ yọ sínú gọ́tà, kí wọ́n fi ohun tó le sí i, torí oòrùn á jẹ aṣọ yẹn ya, ẹ ò sì ní mọ̀ títí omi á fi máa ṣàn lẹ́yìn gọ́tà. Fáànù balùwẹ̀ yín gbọ́dọ̀ tú oru síta gbangba. Ẹ lọ tọ páìpù rẹ̀ wò lónìí. Mi ò lè ka iye ilé tí mo ti rí páìpù tí wọ́n kàn jù sílẹ̀ sórí òwú lókè àjà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ti síléètì fúnra wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti Wales ni tiyín ti wá, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó síléètì lọ sí gbogbo ilẹ̀ yìí nígbà náà. (Wọ́n fi orúkọ ìyàwó ìjòyè sọ wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí: Duchess, ìnṣì 24 sí 12, Countess, 20 sí 10, Lady, 16 sí 8. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tó máa ń kí Duchess kó tó kàn án.) Bí síléètì bá ń yọ̀ bọ́, lọ́pọ̀ ìgbà síléètì kọ́ ló ń ṣàìsàn, ìṣó ni. Irin ti jẹ tán. Ẹ mú síléètì kan, ẹ fi eegun ìka kàn án: bó bá dún gbọnrangandan, a lè padà fi ìṣó bàbà kàn án, á tún lo ayé ọmọ yín. Bó bá dún bí ìgbà tí èèyàn gbá àpótí bébà, ẹ jù ú nù. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé tiyín ni gbogbo èyí tó bá yè. Síléètì àtijọ́ lówó lórí níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé wíwó, kọ́lékọ́lé míì sì wà tó jẹ́ pé àmì kékeré nísàlẹ̀ "o" méjèèjì ló ku kó di kólékólé.

Bàbá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọ wa ra ilé ìjọsìn kan tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ní 1871, nítòsí Wolverhampton. Grade II ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé àwọn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò. Òrùlé síléètì, àjà onírẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àdán wà lókè àjà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fẹ́ lé wọn jáde ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a tẹ́ aṣọ tó ń mí kíákíá, kí iṣẹ́ parí ṣáájú ìkórè. Àwọn ìyá ìjọ kan tilẹ̀ ń sọ pé àdán nínú ilé Ọlọ́run kì í ṣe ojú lásán. Kí lẹ rí sí i? — Díákónì kan

Díákónì, ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Òfin méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yín. Òfin ọdún 1990 lórí ilé àtijọ́ ní kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tó máa yí ìrísí tàbí ìṣe ilé Grade II padà láìgba ìyọ̀ǹda kánsù, inú àti ìta rẹ̀ sì ni. Ẹfun ẹ̀yìn síléètì tí a sọ lókè, tó bá wà níbẹ̀, ara ilé ni; ẹ ò kàn lè fọ́ ọ dànù. Òfin kejì, ti ọdún 1981, dáàbò bo àdán àti ibi tó ń gbé, kódà nígbà tí kò sí nílé. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni méjèèjì. Ní ti ohun tí àwọn ìyá ìjọ sọ, èmi ò bá ìyá ìjọ jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àdán ilẹ̀ yìí, kòkòrò bí ẹ̀fọn ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ wo ìgbẹ́ tó wà lókè àjà kí ẹ lè mọ̀ dájú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ti eku á le koko. Ti àdán á fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, ìyẹ́ kòkòrò ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an ni aṣọ tó ń mí ò sì bá mu. Ìpele tó dà bí ìbòmú tí mo ṣàpèjúwe fún Ìyá Ìbejì, èékánná àdán máa ń ha á ni. Lójoojúmọ́ tó bá ń rá bàbà níbẹ̀, á máa fa okùn tínń-tínń jáde lára aṣọ náà títí yóò fi dà bí òwú ọ̀gbọ̀ tí wọn ò tíì ran. Okùn yẹn á wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ àti lápá, á so rọ̀ síbẹ̀ títí á fi kú. Aṣọ tí wọ́n ti ha bẹ́ẹ̀ kò sì lè dá omi dúró bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin náà á jẹ gbèsè. Felt dúdú elégungun aṣọ àpò, èyí tí wọ́n ń pè ní 1F, ni wọ́n ń ní kí a lò níbi tí àdán ń gbé. Àwọn aṣọ tuntun kan ti jáde tí wọ́n ti dán wò fún èékánná àdán, ṣùgbọ́n onímọ̀ àdán tó ní ìwé àṣẹ ni kó sọ èyí tí ẹ lè lò, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Onímọ̀ yẹn á fẹ́ wá jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù karùn-ún lọ, kó ka iye tó ń jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń tọ́ ọmọ, ẹ ò ní lè fọwọ́ kan òrùlé. Nígbà òtútù wọ́n lè máa sùn níbẹ̀, ẹ ò tún ní lè fọwọ́ kàn án. Àyè tó máa ń kù ni àárín méjèèjì. Nítorí náà ìkórè ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ kánsù tó ń mójú tó ilé àtijọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí ibì kan bá ń jò báyìí, ẹ pè é, ẹ sọ fún un. Tapólì lè wà níta fún ìgbà díẹ̀. Àwọn baba wa ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kó máa wòṣe yín náà títí ìwé á fi dé.

Bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi ní Salford. Ó ní òun á fín fóómù sí abẹ́ òrùlé mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo, pé kò ní sí ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí síléètì títú mọ́, owó híítà á sì wálẹ̀. Ilé mi ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. — Ọmọ yín ní Salford

Má gbà. Fóómù yẹn á lẹ̀ mọ́ síléètì àti igi pọ̀. Bí igi bá ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o. Síléètì tí a ì bá tú ká tún un kàn, á fọ́ nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ta ilé, báńkì tó pọ̀ ni kì í yá ẹni tó fẹ́ rà á lówó bí wọ́n bá ti rí fóómù lókè àjà. Tẹ́ òwú sí ilẹ̀ àjà dé mílímítà 270, fi etí òrùlé sílẹ̀ kó mí, dí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àjà. Ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn kiri láti wá òrùlé tó máa tún ṣe, ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò. Ilé Àgùdà tí bàbá ńlá wa fi sílẹ̀ ní Ìṣàlẹ̀ Èkó ni a fẹ́ tún ṣe. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Lókè ara ògiri, lábẹ́ òrùlé, ihò oníṣẹ́ ọnà wà yíká. Oníṣẹ́ ní ká fi POP dí i torí ẹ̀fọn àti torí a fẹ́ fi AC sí i. Àbúrò mi ka ọ̀rọ̀ yín nípa aṣọ tó ń mí. Ṣé ẹ lè bá wa fi róòlù méjì sínú kóńténà? — Ọmọ Onílé, Èkó

Ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní bàbá. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinúbú, tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, tí wọ́n sì wó lulẹ̀ ní 2016, inú mi máa ń dùn bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe dípò kó tà á fún àwọn oníbúlúdósà.

Mi ò ní fi róòlù ránṣẹ́. Síléètì ní àlàfo láàárín, oru tó bá gba inú aṣọ kọjá á rí ọ̀nà lọ. Páànù kò ní. Oru á gba inú aṣọ kọjá, á lọ kan irin, á dúró síbẹ̀, á kán padà. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, ìta ni afẹ́fẹ́ tó lómi nínú wà, kì í ṣe inú ilé bíi tiwa níbí. Bí ẹ bá wá fi AC sí i, àjà yín ló máa tutù, afẹ́fẹ́ ìta ló sì máa wá dìrì lé e lórí. Ihò ara ògiri yẹn ni ẹni tó kọ́ ilé náà fi ń gbé gbogbo èyí jáde. Iṣẹ́ tí mo ń bá àwọn Òyìnbó jà lé lórí níbí, bàbá ńlá yín ti ṣe é sára ògiri, ó tún fi òdòdó sí i.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ẹ kàn sẹ́yìn rẹ̀ láti inú. Bí ẹ bá fẹ́ AC dandan, ẹ fi sí yàrá kan tàbí méjì nísàlẹ̀, kí àjà yàrá yẹn dí dáadáa, kí òkè àjà sì ṣí sílẹ̀ bó ṣe wà. Owó róòlù méjèèjì, ẹ fi kún ti páànù onígbì tó nípọn, nítorí iyọ̀ ọ̀sà ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Kí oníṣẹ́ tó dé pẹ̀lú POP rẹ̀, ẹ bá mi ya fọ́tò ihò yẹn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fẹ́ rí i.